Ẹ Jẹ́ Ká Lówó Ná? Káyọ̀dé, Fìdí Mọ́lẹ̀ Kí N Bá Ọ Wí

Káyọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Àjàní tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́, fìdí mọ́lẹ̀. Má wo aago ọwọ́ rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ínfátà lọ́wọ́ rẹ lónìí á ṣì fẹ́ rà á lọ́la. NEPA ò ní yí ìwà padà láàárín òru. Mo gbọ́ ohun tí o sọ níbi ìkómọ ọjọ́ Sátidé. Mo dákẹ́ nítorí àwọn àna wa wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n délé kí wọ́n máa wí pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń jáde lẹ́nu ọmọ wa. O ní: "Ọ̀rọ̀ àyíká, ọ̀rọ̀ olówó ni. Ẹ jẹ́ ká lówó ná. Òyìnbó náà ba tiwọn jẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe." Àwọn ọkùnrin tó yí ọ ká ń mi orí, ẹnì kan tiẹ̀ bu ọtí kún ife rẹ.

Ẹnu rẹ dùn, mi ò jiyàn. Láti kékeré lo ti ń fi ẹnu gba ara rẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgba. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn lóru. Èmi sì fẹ́ sùn. Iwájú pátákó ìkọ̀wé ni mo ti lo ayé mi, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì. Ṣé ọmọ ilé tèmi ni yóò wá máa gbé ìdajì ìtàn kiri òde ìnáwó?

Ó dára, ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ òyìnbó. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá 1952, kùrukùru bo ìlú London, afẹ́fẹ́ ò fẹ́, èéfín èédú tí olúkúlùkù ń dáná sí nínú ilé rẹ̀ sì kọ̀, kò gòkè. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án kó tó ká kúrò nílẹ̀. Àwọn agbowó ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fi iná lọ́wọ́ rìn níwájú bọ́ọ̀sì kí awakọ̀ lè mọ ibi tí títì gbà. Ìjọba kọ́kọ́ sọ pé nǹkan bí 4,000 èèyàn ló kú. Àwọn tó tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn ọdún pípẹ́ ní ó ṣeé ṣe kó tó 12,000. Àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Òótọ́ ni, wọ́n bà á jẹ́. Ìgbà wo ni wọ́n wá tún un ṣe? Ṣé o rò pé wọ́n jókòó títí wọ́n fi di olówó ni? 1956 ni wọ́n ṣe Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́. Wo ohun tí Britain jẹ́ nígbà náà, ọmọ yìí. Ogun Hitler ti fá wọn lórí kodoro. Gbèsè tí wọ́n jẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun, 2006 ni wọ́n tó san án tán, ìwọ ti ń wọ ṣòkòtò gígùn nígbà yẹn. Ẹran tí wọ́n ń jẹ, ìwé ìpín ni wọ́n fi ń rà á títí di oṣù Keje 1954. Àwọn èèyàn tí ìjọba ń wọn ẹran fún ní 1954 ló ṣòfin èéfín ní 1956. Ṣé olówó nìyẹn?

Má sì rò pé ìfẹ́ ló mú kí ìjọba wọn ṣe é. Wọ́n ń fà á sẹ́yìn ni, wọ́n ń ní owó ò sí, ọ̀rọ̀ tó jọ tìrẹ. Ọmọ ilé aṣòfin kan, Gerald Nabarro, tó tún jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba, ló gbé àbá òfin tirẹ̀ dìde tó fi ojú wọn hàn. Nígbà tí òfin ìjọba fúnra rẹ̀ wá jáde, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí wọ́n fàlà sí lábẹ́. Ní agbègbè tí wọ́n bá ti fòfin de èéfín, ẹni tó bá ní láti yí ibi ìdáná ilé rẹ̀ padà kì í dá owó rẹ̀ san: ìdá méje nínú mẹ́wàá owó náà, ọrùn ìjọba ló wà. Wọn ò kàn pariwo mọ́ ìyá arúgbó pé kó má dá èédú mọ́, kí wọ́n sì fi òtútù pa á.

Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí nípa ti Èkó. Oṣù Kìíní 2024 ni ìjọba ibẹ̀ kéde pé àwọn fòfin de ike funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Inú mi dùn, nítorí mo ti rí ohun tí ike yẹn ń ṣe fún gọ́tà nígbà òjò. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi lé ìyá olóúnjẹ Mushin lọ́wọ́ dípò rẹ̀? Ewé tí àwa ń já lẹ́yìn ilé lásán nígbà èwe, owó gọbọi ni wọ́n fi ń rà á ní Èkó báyìí. Òfin tó bá di gbogbo ẹrù lé ẹni tí kò ní nǹkan lórí, ọlọ́pàá ló máa jẹ ẹ́ ládùn, àyíká ò ní jàǹfààní kankan níbẹ̀. Jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀, mo lè sọ ọ́ dalẹ́.

O máa ní àwọn ọ̀mọ̀wé ló sọ ọ́, pé o kà á níbì kan. Mo mọ ibẹ̀. Ní 1991, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní Amẹ́ríkà, Gene Grossman àti Alan Krueger, ṣe ìwádìí nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí àdéhùn òwò pẹ̀lú Mexico. Wọ́n wo afẹ́fẹ́ àwọn ìlú ńlá ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n rí i pé tó bá jẹ́ ti èéfín onímí-ọjọ́ ni, bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń lówó sí i ni ìdọ̀tí rẹ̀ kọ́kọ́ ń pọ̀ sí i, tó bá wá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn tí kò ka ìwé náà délẹ̀ ló sọ ọ́ di orin: ẹ máa bà á jẹ́ lọ, owó á tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba ní 1995 pé kì í ṣe nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, pé òfin tí aráàlú bá béèrè fún ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí owó bá tó ìwòsàn ni, ṣebí Amẹ́ríkà ló yẹ kó ti gbádùn jù. Títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ará Amẹ́ríkà kan ń tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 14 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sójú ọ̀run lọ́dọọdún. Ti ọmọ Nàìjíríà kan kò tó tọ́ọ̀nù kan.

Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, mi ò tíì dé ibi tó ká mi lára.

Nínú ohun tí o ń pè ní "wọ́n tún un ṣe" yẹn, apá kan wà tó jẹ́ pé wọn ò tún nǹkan kan ṣe. Wọ́n gbálẹ̀ ilé wọn, wọ́n gbá a sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò. Ní 2008, Amẹ́ríkà mú òfin tó dá lórí òjé inú afẹ́fẹ́ le ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ó dára fún ọmọ wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, èyí tí wọ́n ń yọ́ láti kó òjé inú rẹ̀? Àjọ tí Amẹ́ríkà, Mexico àti Kánádà jọ gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àyíká yẹ ìwé òwò wò: láti 2004 dé 2011, bátìrì tó ti kú tó ń kọjá láti Amẹ́ríkà sí Mexico lé ní ìlọ́po márùn-ún. Òfin Mexico ló rọ̀ jù, ibẹ̀ ni bátìrì gbà lọ.

Àwa náà kì í ṣe àlejò níbi irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọdún 1988 kò jìnnà sí mi rárá; mo ń kọ́ kíláàsì kẹrin nígbà náà. Ní Koko, ìlú etí omi kan tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta báyìí, àwọn oníṣòwò ará Ítálì kan kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé wá, wọ́n tò ó sí àgbàlá bàbá kan, wọ́n sì ń san nǹkan bí 100 dọ́là fún un lóṣù. Bàbá náà ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló ka ìròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀, wọ́n sì kọ̀wé sílé. Ìjọba ológun fárígá: wọ́n pe aṣojú wa ní Ítálì padà wálé, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ òkun Ítálì kan, wọ́n sì ṣe òfin pé ẹni tó bá kó irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀ wọlé, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Wọ́n kó májèlé náà sínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Karin B pé kó dá a padà. Ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri Yúróòpù, èbúté kan lé e, òmíràn lé e. Ẹrù tó dára tó láti gbé sí àgbàlá bàbá ní Koko, kò dára fún etí òkun ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àdéhùn Basel ti 1989, èyí tó ń darí kíkó májèlé láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, irú ìtìjú yìí wà lára ohun tó bí i. Ilẹ̀ Áfíríkà ṣe tirẹ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Bamako ní 1991.

Ọdún 1991 yẹn kan náà ni ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde ní Báǹkì Àgbáyé, tí Lawrence Summers, olórí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé wọn, fọwọ́ sí. Ó sọ níbẹ̀ pé tí a bá wo ìṣirò owó nìkan, ó bọ́gbọ́n mu kí ilé-iṣẹ́ onídọ̀tí kó lọ sí orílẹ̀-èdè tálákà, torí pé owó tí ará ibẹ̀ ń pa kéré, nítorí náà àdánù kò pọ̀ tó bá ṣàìsàn tàbí tó kú. Nígbà tí ìwé náà hàn síta, Summers ní ẹ̀fẹ̀ ni, pé àwọn ń fi ọ̀rọ̀ gún ara àwọn ní kẹ́ṣẹ́ ni. Ó lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìwọ sọ lọ́jọ́ Sátidé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, Káyọ̀dé, ibì kan náà ló sì já sí. Ẹni tó bá ní kí tálákà gba májèlé ná, kó lówó tó bá yá, ti fi iye lé ẹ̀mí tálákà. Ìwọ sì fi lé tìrẹ.

Mo rí ọ tí o ń mí ìmí ẹ̀dùn. Mi ò ní òyìnbó nìkan ló jẹ̀bi, fara balẹ̀.

Gba ti epo ọkọ̀. Ní Yúróòpù, imí-ọjọ́ tó lè wà nínú dísẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Imí-ọjọ́ yìí wà lára ohun tó ń di èéfín tó ń ta ọ́ nímú ní Òjòdú, òun ló sì ń ba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sẹ́ èéfín ọkọ̀ jẹ́. Ní 2016, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ará Switzerland kan tó ń jẹ́ Public Eye tú àṣírí kan. Wọ́n fi hàn pé àwọn oníṣòwò epo ń po epo tó kún fún imí-ọjọ́ pọ̀ ní èbúté Amsterdam, Rotterdam àti Antwerp, epo tí wọn ò lè tà fún ará Yúróòpù kan ṣoṣo, wọ́n sì ń kó o wá fún wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Gbogbo wa ya ẹnu. A bú wọn, èmi náà bú wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò rú òfin kankan. Òfin Nàìjíríà nígbà náà gba 3,000 nínú mílíọ̀nù fún dísẹ́ẹ̀lì. Ta ló kọ ọ́? Kì í ṣe Netherlands. Abuja ló kọ ọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire jọ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, àwọn á fòpin sí epo ìdọ̀tí. Nígbà tó fi di oṣù Keje 2017, Ghana ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 50 fún epo tí wọ́n ń kó wọlé. Ṣé Ghana di olówó láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Keje ni? Ṣé kànga epo ọ̀run ló ṣí sí wọn lórí? Òǹtẹ̀ ni wọ́n lù. Àwọn oníṣòwò kan náà, láti èbúté kan náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó epo tó mọ́ jù lọ sí èbúté Tema ní Ghana, wọ́n sì ń kó èyí tó dọ̀tí wá sí Àpápá tiwa, nítorí àwa ṣì ń sún ọjọ́ síwájú. Ní 2023, Netherlands fúnra rẹ̀ wá ní òun ò gbà kí wọ́n gbé irú epo bẹ́ẹ̀ jáde ní èbúté òun mọ́. Àjòjì ló wá bá wa ṣòfin tó yẹ ká ti ṣe fúnra wa. Ojú tì mí, mi ò lè purọ́ fún ọ.

Ìyẹn ni mo fi ń bínú sí "ẹ jẹ́ ká lówó ná" rẹ. Kì í ṣe àìlówó ló ń mú ìdọ̀tí wá bá wa. Ibi tí òfin bá ti rọ̀ ló ń wá, ẹnì kan sì ń jẹ èrè rírọ̀ náà. Ẹni yẹn kì í ṣe tálákà. Tálákà ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì.

Àbúrò rẹ ní Manchester náà kò ní lọ láìgba tirẹ̀. Bísọ́lá, Àdùkẹ́ mi, pè mí lórí fóònù, ó ní kí Nàìjíríà fi gáàsì rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ nítorí ojú ọjọ́ ayé. Ọmọ dáadáa ni, ọkàn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo ní, "Àdùkẹ́, ilé tí o jókòó sí yẹn, kí ló gbé e ró?" Britain fi èédú ilẹ̀ tan iná mànàmáná láti 1882, ilé-iṣẹ́ iná tó ń jó èédú tó kẹ́yìn níbẹ̀, oṣù Kẹsàn-án 2024 ni wọ́n tó pa á. Ní ìpàdé Glasgow ní 2021, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó ayé fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́ fún iṣẹ́ epo àti gáàsì nílẹ̀ òkèèrè. Kò pé ọdún kan, ogun Ukraine dé, wọ́n wá ń bẹ̀ wá pé ká fi gáàsì kún gáàsì. Jámánì ní tirẹ̀ wó abúlé kan tó ń jẹ́ Lützerath ní 2023 kí wọ́n lè wa èédú abẹ́ rẹ̀. Èmi ò ní kí wọ́n kú sínú òtútù. Kí wọ́n má kàn sọ fún ìyá tó ń fẹ́ iná igi ní Ìgbó-Ọrà pé gáàsì ń ba ayé jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èéfín inú ilé ìdáná pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn káàkiri ayé ní 2020, obìnrin àti ọmọdé ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù símú. Sílíńdà gáàsì kan lè gba ojú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ èéfín.

Owó tí wọ́n sì ṣèlérí fún wa ńkọ́? 100 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún ni wọ́n sọ ní Copenhagen ní 2009, pé yóò pé nígbà tó bá fi máa di 2020. 2022 ló tó pé, gbèsè ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ba ilé ẹni jẹ́ tó wá ń yáni lówó àtúnṣe, kí la máa pè é?

Bísọ́lá dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe dákẹ́ ni èmi fúnra mi rántí iná tó ń jó ní ilẹ̀ Niger Delta tọ̀sán tòru, gáàsì tí ìyá Ìgbó-Ọrà ìbá fi dáná, tí wọ́n ń sun dànù. Norway bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo ní 1971, àwa ti ń ta tiwa láti 1958. Ọdún 1971 kan náà, kí owó epo tó wọ àpò wọn rárá, ilé aṣòfin wọn kọ òfin mẹ́wàá kalẹ̀ tí wọn yóò máa tẹ̀ lé, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sun gáàsì dànù, àyàfi tó bá jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ń dán kànga wò. Àwa náà ṣòfin o! Ní 1979, a ní gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1984. A wá fi sí i pé mínísítà lè fún ẹni tó bá wù ú láyè, owó ìtanràn sì kéré débi pé sísan án dùn mọ́ wọn ju títún ẹ̀rọ ṣe lọ. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin City dá àwọn ará Iwherekan láre pé iná yìí ń tẹ ẹ̀tọ́ wọn láti wà láàyè lójú. Iná náà ṣì ń jó. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń fa epo ní Norway àti níbí, ọ̀pọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìmọ̀ kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Àwọn tó ń gba owó ìtanràn ni ò jọra.

Ó dára. Ó wá ku ìwọ, oníṣòwò sólà.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ. Mo máa ń fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi ń bá àwọn èèyàn gbé jẹnẹrétọ̀ jùnù. Ṣùgbọ́n àwọn bátìrì ńlá olómi tí o ń tà, lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n ń kú, o sì ń gbà wọ́n padà. Níbo lò ń kó wọn sí? O ní ọkùnrin kan ń wá fi ọkọ̀ kó wọn, pé ó ń san owó dáadáa. Jẹ́ kí n sọ ìdí tí owó rẹ̀ fi dáa. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fọ́ bátìrì, tó ń gba omi kíkan inú rẹ̀ sínú àgbá, tó ń sẹ́ èéfín kó tó jáde, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò, ìnáwó rẹ̀ pọ̀, kò lè san tó bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ẹni tó ń fi àáké là á, tó ń da omi rẹ̀ sílẹ̀, tó ń yọ́ òjé lójú afẹ́fẹ́, òun ló lè san ju gbogbo wọn lọ, nítorí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń bá a san ìyókù.

O mọ Ògìjó. Kò jìnnà sí Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà. Ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì pọ̀ níbẹ̀, àárín ilé àwọn èèyàn ni wọ́n sì wà. Ní 2025, àwọn oníròyìn kan jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 èèyàn wò níbẹ̀, òṣìṣẹ́ àti aráàlú, òjé sì ti kọjá ààlà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí kan àwọn ọmọdé. Kò sí òjé tí a lè pè ní díẹ̀ tí kò léwu fún ọmọdé. Ó ń wọ ọpọlọ, ó ń dín òye kù, àtúnṣe ibẹ̀ kì í rọrùn. Ọmọ tó yẹ kó ṣe kẹ́míkà ní yunifásítì á máa bá ìwé kíláàsì kẹta jà, wọ́n á ní olódo ni, wọ́n á nà án. Ó dùn mí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ tèmi náà. Lára òjé tí wọ́n ń yọ́ níbẹ̀ sì ń wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ olówó, wọ́n ń fi ṣe bátìrì tuntun. Ìjọba ti àwọn ilé-iṣẹ́ kan pa lọ́dún yẹn. Èéfín sì ti bà sórí òrùlé, sórí tòmátò, sórí iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré.

Sọ fún mi, Káyọ̀dé. Ọmọ tí òjé ti wọ ọpọlọ rẹ̀ lónìí, owó tí a bá ní lọ́dún 2050, kí ló máa rà fún un? London lè fọ ògiri ilé rẹ̀ tí èédú ti sọ di dúdú. Ta ló máa fọ orí ọmọ Ògìjó?

Má sọ fún mi pé òfin ò sí. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ní ìlànà lórí bátìrì, ó sì ní kí ẹni tó ń tà á mọ ibi tó ń padà sí nígbà tó bá kú. Má sì sọ pé bátìrì tìrẹ kéré láàárín ti gbogbo Nàìjíríà. Mi ò bi ọ́ nípa ti gbogbo Nàìjíríà, tìrẹ ni mò ń bi ọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, pe ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ kó wọn. Ní o fẹ́ bá a dé ibi tí wọ́n ti ń yọ́ wọn. Tó bá mú ọ débẹ̀, wo ibi tí omi inú bátìrì ń dà sí, wo bóyá ọwọ́ lásán ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ṣe é, wo iye ilé tó yí wọn ká. Tó bá kọ̀ tí kò mú ọ lọ, o ti gba èsì rẹ nìyẹn, má ta ẹyọ kan fún un mọ́. Wá ẹni tó ń ṣe é bó ṣe yẹ, kódà tí owó tó máa san bá dín, kí o sì fi ìyàtọ̀ náà kún iye tí o ń ta bátìrì tuntun. Àwọn oníbàárà rẹ á san án. Àwọn tó ń fi mílíọ̀nù ra sólà kì í ṣe àwọn tó ń gbé Ògìjó.